Eérú Inú Ìkòkò Tábà Baba Tanímọ̀la

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀? Àwọn kan á ní nítorí afẹ́fẹ́ ni. Ọwọ́ afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan kọ́. Ìkìrun ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Akínpẹ̀lú ni orúkọ baba náà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò wá kí i mọ́. Ìkòkò tábà àtijọ́ ló kù tí wọ́n jọ ń gbélé. Ó tò wọ́n sórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi epo pa wọ́n lára bí ọmọ tuntun. Fún gbogbo àlejò, á ní, "Ojúlówó ni wọ́n! Gbòǹgbò igi òkè òkun ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, iná kì í jẹ ẹ́." Irọ́ ni. Igi lásán tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n, ó sì mọ̀. Ojúlówó kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, Baba Tanímọ̀la, ló ń gbé.

Nígbà tí Baba Tanímọ̀la kú, Akínpẹ̀lú lọ kí opó rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ìyàwó wa, kú ìrójú o. Ìkòkò ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

Obìnrin náà dìde, ó gbé ìkòkò àgbo jáde, ó tún gbé ti ọbẹ̀ tẹ̀lé e. "Èwo nínú wọn, Baba? Ti ọbẹ̀ yìí ti là nídìí."

"Ìkòkò tábà ni mò ń wí!"

"Áà! Ìyẹn kì í kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí mi." Ó lọ mú un wá. "Bí mo bá ń gbóòórùn rẹ̀, á máa ṣe mí bíi pé ó ṣì wà nínú yàrá."

Akínpẹ̀lú yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó rí òǹtẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó rí ara igi tó dà bí ojú ẹyẹ kéékèèké.  Ó wá fajú ro.

"Ìyàwó wa, eérú tábà tí ọ̀rẹ́ mi mu kẹ́yìn ṣì wà nínú rẹ̀! O ò gbọ́ pé eérú òkú kì í gbélé opó? Yóò máa tọ̀ ọ́ kiri ni. Gbé e fún mi, kí n bá ọ lọ dà á nù."

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò sẹ́ni. Òun ló hùmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í lókun àtijiyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí a ti ń tu opó nínú nìyẹn? Obìnrin náà sunkún, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, Akínpẹ̀lú gbọn eérú náà síta lójú fèrèsé. Ọyẹ́ bù ú padà sí i lójú. Ó sín, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó gbọn ìyókù. Afẹ́fẹ́ yí padà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Yóò máa tọ̀ ọ́ kiri: ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́.

"Irọ́ ni," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ṣebí èmi ni mo pa á!"

Kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀, ó ki tábà sínú ìkòkò náà, ó ṣáná sí i, ó fà á. Ó dùn. Nígbà tó mu ún tán, ó tún gbọn ọ́n síta lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹyín iná wà nínú eérú. Ọyẹ́ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ wọlé, ó bà sórí ẹní. Epo tó fi ń pa ìkòkò lára ṣe tirẹ̀, iná sọ. Ìkòkò opó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sáàárín iná, ó sì sá jáde.

Àwọn aládùúgbò gbé omi dé, Ìyá Tanímọ̀la, opó náà, wà nínú wọn. Nígbà tí iná kú, ìkòkò kan ṣoṣo ló kù.

"Baba," ọkùnrin kan bi í, "ẹ ṣebí iná kì í jẹ ìkòkò yín?"

 Akínpẹ̀lú jókòó sílẹ̀, eérú bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìyá Tanímọ̀la fi etí aṣọ mú ìkòkò ọkọ rẹ̀. "Èmi tí mò ń sùn lé e, eérú rẹ̀ ò tọ̀ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dà á nù…" Kò lè parí rẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, omijé sì tẹ̀lé e. Ó wá fẹ́ atẹ́gùn sí ìkòkò náà kó lè mọ́.

Òun ló fẹ́ ẹ o, ṣùgbọ́n eérú náà fò lókè orí gbogbo èrò, ó wá Akínpẹ̀lú rí, ó sì bà lé e nímú. Ó sín.

Gbogbo èrò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.