Ọ̀wẹ̀ Tí Èmi Nìkan Lọ Ṣe

Ọjọ́ kan wà láyé mi tí n kò lè gbàgbé bí mo tilẹ̀ gbìyànjú, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí n gbàgbé. Ọjọ́ náà ni mo gbé ẹ̀rọ ìgegi lọ sí ilé àna mi ní Ọ̀yọ́. Títí di òní, bí mo bá ti yọ ní àdúgbò náà, àwọn ọmọdé á fẹnu pariwo bí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì sá lọ.

Ìyàwó mi, ìyá Fúnmi, ti di olóògbé nígbà náà, kò tíì pé ọdún. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi nìkan ni mo sì ń gbé inú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi tí n kò bi ẹnikẹ́ni: ṣé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣì jẹ́ àna ní ilé ìyàwó náà? Láti ìgbà ìsìnkú, n kò lọ sí Ọ̀yọ́ mọ́. Mo máa ń fi fóònù kí Màmá, ìyá ìyàwó mi, wọ́n á sì dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ti kí ara wa tán, kò sí ohun tó kù láti sọ. Tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi ló máa ń gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, tí òun àti ìyá rẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀ títí fóònù á fi gbóná.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí Màmá fúnra wọn pè mí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

“Bàbá Fúnmi,” ni wọ́n wí, “máńgòrò ojúde wa ti wó o. Ìjì àná ló gbé e. Ó dí ẹnu ọ̀nà mi pa. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún mi bí ẹlẹ́wọ̀n.”

Mo mọ máńgòrò náà dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí mi wá tọrọ ìyàwó fún mi. Àwọn èèrà wọ inú ṣòkòtò mi lọ́jọ́ náà, n kò sì lè dìde títí àwọn àgbà fi parí àdúrà. Ìyàwó mi kò yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ.

Màmá ní kí n má ṣe ìyọnu, pé Gbọ́lá, àbúrò ìyàwó mi, máa wá oníṣẹ́ tí á gé e kúrò. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ní kí wọ́n má pe oníṣẹ́ kankan. Mo ní èmi ni mo máa wá gé e. Mo ní ọ̀wẹ̀ àna ni.

“Ọ̀wẹ̀?” ni Màmá wí. “Ó dáa. A ó máa retí yín.”

Bóyá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí kò mọ ọ̀wẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, bí bàbá ìyàwó ẹni bá fẹ́ kọ ebè tàbí kọ́lé, ọkọ ọmọ á kó àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ bá a ṣiṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú orin àti àwàdà. Bí àna ṣe ń fi hàn pé àna ni òun nìyẹn. Èmi kò ṣe é rí. Nígbà tí mo gbéyàwó, olùkọ́ ni mí, bàbá ìyàwó mi náà kì í dáko. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ó ti ń dúró de àyè. Mo gbàgbé apá kan nínú rẹ̀, ẹ ó rí i bó bá yá.

Mo jókòó ti fóònù mi, mo ń ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀rọ ìgegi. Wọ́n ní kí a yan èyí tó ní bíréèkì níwájú ìdìmú, tí yóò dá ṣéènì dúró bí ẹ̀rọ bá ta padà sójú ẹni. Wọ́n ní kí a wọ ìbọ̀wọ́, bàtà líle, awò ojú àti akoto. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ náà má wúwo ju agbára ẹni tó fẹ́ lò ó. Wọ́n tún ní irin tí ṣéènì ń sáré lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó igi tí a fẹ́ gé. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni mo gbé lọ sí ilé ìtajà ẹ̀rọ kan ní ọjà Takie.

Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó gbé ẹ̀rọ kan tó mọ níwọ̀n jáde, ó fi bíréèkì rẹ̀ hàn mí, ó ní kí n gbé e wò. Ó fúyẹ́. Ó bá ọwọ́ mi mu. Mo wò ó, mo sì rí ara mi níwájú gbogbo ẹbí ìyàwó mi pẹ̀lú nǹkan tó jọ ohun tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì.

Mo nàka sí èyí tó gbé kọ́ sókè ògiri.

“Ìyẹn?” ni ó wí. “Bàbá, àwọn tó ń la pákó nínú igbó ló ń ra ìyẹn. Ta ló fẹ́ lò ó?”

“Èmi ni.”

Ó wo apá mi. Ó wo ojú mi. Ó tún padà wo apá mi. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó fà mí tẹ̀ síwájú. Ó bi mí bóyá kò wúwo jù. Mo ní rárá, mo kàn mí èémí mọ́ra díẹ̀ kí n tó lè sọ ọ́. Ó fẹ́ ta akoto fún mi, mo ní mo ní tèmi nílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi aṣọ ìtẹ́bùsùn àtijọ́ kan wé ẹ̀rọ náà, mo wọ bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́, mo sì gbé e lé ẹsẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ọgbọ́n tí mo ti dá ni pé mo ti rọ epo sínú rẹ̀ láti ilé, kí n má bàa fi àkókò ṣòfò níwájú àna. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò dé ìdérí rẹ̀ le.

A kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin tó jókòó tì mí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú. Ó ní òórùn epo ń bọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ní òun náà ń gbọ́ ọ. Láìpẹ́, gbogbo ọkọ̀ ti dojú kọ dírẹ́bà, wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ ń jò, ó fẹ́ sun àwọn ọmọ ọlọ́mọ níná. Dírẹ́bà búra pé ọkọ̀ òun kò jò rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo pọ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń dá a lẹ́bi. Mo tilẹ̀ ń ṣàlàyé fún wọn bí epo ṣe máa ń di afẹ́fẹ́, nítorí físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Àárín àlàyé náà ni ara mi ti sọ fún mi pé itan mi tutù.

Obìnrin náà wo ṣòkòtò mi. “Bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ gan-an, “kí lẹ wé síbẹ̀ yẹn?”

Dírẹ́bà ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n fún iyẹ̀pẹ̀. N kò ní kọ ohun tó sọ síbí. Mo tú aṣọ náà, mo dé ìdérí ẹ̀rọ le, mo sì ṣàlàyé pé ọ̀wẹ̀ àna ni mo ń lọ. Ìbínú wọn kàn dà bí ẹni pé a bu omi sí i. Ọkùnrin kan ní òun kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà pàápàá ní bí òun bá bí ọmọbìnrin, irú mi ni kí Ọlọ́run fún òun. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi etí aṣọ rẹ̀ nu epo kúrò lórí àga, ó ní, “Ìyàwó yín gbádùn o.”

Mo ní ẹ ṣé. N kò rí ìdí láti ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, Màmá jókòó lójú fèrèsé wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, igi ńlá náà sì nà gbalaja níwájú wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ dúró ní ìhà kan, orí rẹ̀ gbé lé ògiri ilé ìdáná àtijọ́, àárín rẹ̀ sì dá wà lókè láìkan ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nísàlẹ̀ fèrèsé pẹ̀lú ṣòkòtò elépo.

Màmá kí mi káàbọ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi lọ títí dé ojú títì. “Àwọn èèyàn yín dà?”

Ìgbà náà ni mo rántí apá tí mo gbàgbé. Ẹnì kan kì í dá lọ ṣe ọ̀wẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

“Èyí nìkan?” ni Màmá wí.

Mo ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ṣe. Mo wá múra. Akoto tí mo ní mo ní nílé, akoto ọ̀kadà ni. Awò ojú mi, èyí tó ṣókùnkùn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi ni. Mo wá wọ bàtà òjò. Gbọ́lá tó ti wá kí mi yíjú sí ògiri, mo ń rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá bi mí bóyá ọ̀kadà ni mo fẹ́ fi gun igi náà.

Mo fa okùn ẹ̀rọ. Kò dún. Mo tún fà á, mo fà á títí òógùn fi ń wọ inú awò mi, tí àwọn aládùúgbò sì ti ń gbé àga jáde. Gbọ́lá ló rọra bi mí bóyá epo wà níbẹ̀. Epo wà, ara ṣòkòtò mi ló wà. Ó lọ ra òmíràn wá, a po ọ́ìlì pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà sì bú ramúramù. Àwọn ewúrẹ́ sá. Àwọn ọmọdé di etí, wọ́n ń fò sókè.

Mo gbé e lé igi láti òkè, ní àárín gẹ́lẹ́, ó sì wọ inú igi bí ẹni wọ inú omi. Èérún igi funfun ń fò káàkiri. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn. Mo yíjú pa dà láti wò bóyá Màmá ń wò mí. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín sí wọn ni igi náà ti kérora, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ojú ibi tí mo gé sì pa dé mọ́ irin náà pinpin. Ẹ̀rọ kú. Mo fà á. Mo fi ẹsẹ̀ ti igi, mo tún fà á pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ọwọ́ mi yọ̀, mo sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ sínú ewé máńgòrò, bàtà òjò méjèèjì dojú kọ ọ̀run. Ẹ̀rọ náà dúró síbẹ̀ lórí igi bí ẹyẹ.

Igi tí a gbé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ lé nǹkan, bí a bá gé e láti òkè, á ká mọ́ ohun tí a fi gé e. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ, n kò mọ iye ìgbà.

Gbọ́lá gbé mi dìde, ó gbọn ewé kúrò lára mi. “Àna wa,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí n pe àwọn oníṣẹ́ tó wà lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán. Wọn ò ní pẹ́ rárá.”

Mo ní kó pè wọ́n. Mo bọ́ akoto, mo lọ sí ìdí fèrèsé. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n má bínú, pé mo kàn fẹ́ ṣe ohun tí àna máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó so wá pọ̀ ti lọ.

Màmá ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ọmọ mi ló kú, Bàbá Fúnmi. Èmi kò kọ̀ yín. Àbí ẹ ti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́ mi rí?”

Mo ní rárá.

“Kí lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ sí?” Wọ́n kọjú sí Gbọ́lá. “Má pe oníṣẹ́ kankan. Pe àwọn ọkọ àwọn àbúrò ìyá Fúnmi. Sọ fún wọn pé àgbà àna ti dé, igi sì ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Gbọ́lá rẹ́rìn-ín débi pé kò lè tẹ nọ́ńbà.

Àwọn méjì ló wá. Músá fi kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fi ń ṣiṣẹ́ wá, Bàbá Ìbejì tó jẹ́ télọ̀ sì wá pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Wọ́n wo ẹ̀rọ tó dúró lórí igi, wọ́n wò mí. Bàbá Ìbejì fi tépù rẹ̀ wọn irin náà, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń rán ìtóbi yìí fún èèyàn. Músá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tilẹ̀ pè wá. Ẹ fẹ́ dá gba ìyìn ni?” Lẹ́yìn náà ni a fi òpó gbé àárín igi náà sókè láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ sì jáde wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Físíìsì mi náà ti padà wá. Mo ní kí a kọ́kọ́ gé ẹ̀ka, kí a ti igi náà dáadáa, kí a sì máa gé e láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wúwo fún ẹnì kan, ẹlòmíràn á gbà á. Akoto ọ̀kadà mi náà ń ti orí kan bọ́ sórí kejì. Kí Màmá tó dìde láti ṣàlùwàlá ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà wọn ti ṣí, ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n sì gbà gbé iyán jáde fún wa.

Gbọ́lá ní kí a wá lọ́jọ́ kejì láti gé ìdí igi tó kù. Màmá ní rárá, ibẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kí ó di ìgbà mìíràn tí Bàbá Fúnmi bá wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgegi wo apá ara rẹ̀ kó tó wo igi, kó dé ìdérí epo le, kó má sì dá lọ. Màmá kò jẹ́ kí n gbé tèmi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ló wà. Nígbà tí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń gé díẹ̀ lára ìdí igi náà, Màmá á ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí n máa bọ̀ wá jẹun. Bí a ṣe ń ṣe é yìí, mo ṣírò rẹ̀, igi náà yóò pẹ́ jù mí lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán. Mo sì ti ra akoto gidi.