Àga Tí Kò Gba Ìdí

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin lù. Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ dúró láàárín pálọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó ń fi ìka kan sún ìrọ̀rí. Bàbá tó ni ilé, bíríkìlà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wà lórí àga tuntun bí adìẹ tó bà lókùn: ara ò rọ àga, ara ò rọ Bàbá.

"Bàbá, ẹ ò jókòó dáadáa."

"Mo jókòó dáadáa. Àga ni kò jókòó dáadáa."

"Ẹ fẹ̀yìn tì."

"Kí n fẹ̀yìn ti kí ni? Gbogbo ibi tí mo bá fẹ̀yìn sí, atẹ́gùn ni mò ń bá níbẹ̀."

"Ẹ̀yìn ẹ̀ kúrú ni. Tí ẹ̀yìn àga bá ga, kì í jẹ́ kéèyàn rí ògiri."

"Èmi ni mo mọ ògiri yẹn. Mo ti rí i."

Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ mí kanlẹ̀. Ọdún méje ló ti ń wọn fèrèsé, tó ń gbé kọ́tìnì kọ́, tó ń to ìrọ̀rí. Kò tíì gba iṣẹ́ kan rí tó ju pálọ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó ni ilé oúnjẹ mẹ́ta wá fẹ́ tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe báyìí. Ọkùnrin náà kì í wo fọ́tò. Ẹni tó ń gbé inú ilé tí wọ́n tún ṣe ló máa ń pè lórí fóònù, ó sì ti ní òun máa pe Bàbá láago mẹ́rin.

"Ẹ jẹ́ ká tún un sọ, Bàbá. Tó bá bi yín pé báwo ni pálọ̀ ṣe rí, kí lẹ máa sọ?"

"Màá ní òkúta wà nínú ẹ̀."

"Abọ́ òkúta kan ṣoṣo ni. Ọ̀ṣọ́ ni."

"Ogójì ọdún ni mo fi ń ṣa òkúta kúrò nílẹ̀ káwọn èèyàn tó lè rí ilé gbé. Ìwọ bù ú sínú abọ́, o gbé e padà wọlé."

"Ó máa ń jẹ́ kí ọkàn balẹ̀."

"Ọkàn ta? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ẹnì kan fẹ́ sọ ọ́ lù mí ni."

"Ẹ fi òkúta sílẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ àwọ̀ ògiri. Ẹ rántí orúkọ ẹ̀?"

"Eérú."

"Ìkùukùu Òwúrọ̀ ni, Bàbá."

"Mo máa ń rí ìkùukùu níta tí mo bá jí láàárọ̀. Eérú lèyí."

Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dijú kan, ó fi èkejì wo yàrá. Ibẹ̀ ló ti máa ń wo gbogbo iṣẹ́ ẹ̀.

"Ohun tó yà mí sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, Bàbá, ni pé mo gbà pé yàrá gbọ́dọ̀ mí."

"Ó gbọ́dọ̀ kí ni?"

"Kó mí. Ẹrù tó pọ̀ ló ń fún un lọ́rùn."

Bàbá wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ yàrá yìí. Mi ò fi imú sí i."

"Ìdí tí mo fi ṣe àga ní kékeré nìyẹn. Àga kékeré máa ń jẹ́ kí yàrá fẹ̀ lójú."

"Yàrá ti fẹ̀. Wọn ò tíì sọ fún ìdí mi."

"Ọmọ yín obìnrin tó gbéṣẹ́ fún mi fẹ́ràn ẹ̀ o."

"Ọmọ mi ò gbé ibí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ya fọ́tò, ó lọ. Iṣẹ́ wo lo kọ́ gan-an tẹ́lẹ̀?"

"Téló ni mo kọ́ nílẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí rán kọ́tìnì."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ò kọ́ parí. O wọn fèrèsé, o wọn ògiri, o wọn ilẹ̀. O ò wọ̀n mí. Téló wo ni kì í wọn èèyàn?"

Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, pálọ̀ ti sú mi. Ibi tí ẹgbẹ̀rún èèyàn á máa wọ̀ lójoojúmọ́ ni mo ń wá."

"Kí ẹgbẹ̀rún ìdí lè jọ jìyà."

"Ẹ ràn mí lọ́wọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

"Àga mi dà?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọ̀rá bò ó. Àga yẹn ti dá kòtò láàárín, Bàbá."

"Ìyàwó mi ló dá kòtò yẹn. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó síbẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń bá a jà pé kó jẹ́ ká gbé e sọ nù, kò gbà. Òun ló tọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, kò sì sí láyé mọ́ kí n sọ fún un."



"Ẹ bá mi sọ ohun tó dáa mẹ́ta péré fún ọkùnrin yìí," ni Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ wí. "Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ tán, kí ẹ gbé àga yín wọlé."

"Mi ò ní purọ́."

"Òótọ́ mẹ́ta tó dáa."

"Ìyẹn ò rọrùn. Jẹ́ kí n wá a kiri."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí wo yàrá yíká bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Kò tíì wò ó tán tí fóònù ẹ̀ fi dún. Ó gbé e sétí.

"Hẹ́lò. Èmi ni. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tẹnu mi, àdéhùn wà nílẹ̀. Ó mọ́. Kò jò. Fèrèsé ẹ̀ ń ṣí."

Ó na ìka mẹ́ta sí Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́.

"Bàbá," ni ìyẹn rọra wí, "ìwọ̀nyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́lé."

"Òótọ́ mẹ́ta lo ní." Bàbá padà sídìí fóònù. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ wá bi mí ní ohun tó bá wù yín. Mo ti san ẹ̀jẹ́ mi."

Ti Bàbá nìkan ni Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ ń gbọ́. Ó sì tó láti pa á.

"Ta ló ń jókòó síbẹ̀? Rárá o, ó wà fún wíwò ni. Tó bá di dandan, èèyàn lè gbé ìdí lé e. Ṣùgbọ́n ńṣe ló máa ń ti èèyàn síwájú, bí onílé tó ń sọ fún àlejò pé ó dàárọ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ iná."

"Ó ní kí n sọ̀rọ̀ iná. Iná dáa, sà. Téèyàn bá ti jókòó, ojú ẹ̀ gan-an ló ń tàn sí. Àbúrò mi ní ńṣe ló dà bíi pé ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò."

Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ fi ìdí lélẹ̀, ó di orí mú. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé oúnjẹ mẹ́ta ló ń jó lójú tiẹ̀ yìí, kò sì rí ẹwà kankan níbẹ̀.

"Àbúrò mi yẹn? Tẹ́lẹ̀, tó bá wá kí mi, àfi tí mo bá ń hanrun kó tó lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo wo aago. Obìnrin kan wà ládùúgbò, ẹni tó máa ń rojọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mẹ́fà lòun náà. Kò rojọ́ ẹ̀ dé ìdajì."

Bàbá tẹ́tí sí fóònù. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ ní kí ni? Kọ́ọ̀pù tíì kan ṣoṣo? Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Wọ́n tún gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì yín. Iná yín ni wọ́n fi ń ṣáàjì ẹ̀. Ẹni tébi ń pa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ríbi jókòó. Ẹ̀yin náà ń jìyà, sà. Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ náà? Ó wà níbí. Ó ti ká jọ sílẹ̀."

Ó na fóònù sílẹ̀.

"Ó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

"Kí ló ní?"

"Àwọn oníbàárà ẹ̀ kì í dìde. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àga tó máa lé èèyàn lọ láìjẹ́ pé òun lanu. Ó ń bi mí pé ṣé o ronú ẹ̀ ni, àbí ó kàn ṣèèṣì."

Bàbá ò dúró gbọ́ èsì. Ó ti mọ́nà ẹ̀yìnkùlé pọ̀n, ó ń lọ gbé àga ẹ̀.

Aṣèlélọ́ṣọ̀ọ́ dìde. Ó gbọn ṣòkòtò, ó tún kọ́là ṣe. Ó wo àga kékeré náà bíi bàbá tó ti rò pé ọmọ òun ò ní yege, tí wọ́n wá pe ọmọ náà síta pé òun ló ṣe ipò kìíní. Ó wú ikọ́ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Rárá, sà, kì í ṣe èèṣì. Ọdún méje ni mo fi ń wá ọgbọ́n ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tí Bàbá sọ yẹn, ti inú ilé ni. Fún tiyín, a lè dín in kù sí mẹ́rin."