Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà Màmá Ọlápàdé

Surulere, ọ̀sán Sátidé. Gbádé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yábàá jókòó sétí àga nínú pálọ̀ Màmá Ọlápàdé, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Irùngbọ̀n ti kún un lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ti níyàwó nílé, ṣùgbọ́n tíṣà tó bá ti na èèyàn rí ní pírámárì, ẹ̀rù rẹ̀ kì í tán lára bọ̀rọ̀.

MÀMÁ: Ṣe kíá, Gbádé. Wọ́n ti ń dúró dè mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí fídíò la ti fẹ́ sọ ọmọ tí Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi bí lórúkọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣílẹ̀kùn ìpàdé. Mo gbọ́dọ̀ débẹ̀ ṣáájú ìyá ọkọ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ló máa ń mọ́ ọmọ lára.

GBÁDÉ: Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kí ló ń ṣe kọ̀ǹpútà yín gan-an?

MÀMÁ: Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Ó kàn máa ń gbé mi lọ síbi tí mi ò rán an ni. Lánàá, mo ní kó bá mi wá Sáàmù kan, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́.

Gbádé ṣí i. Kó tó mí, ojúewé pupa kan ti bo gbogbo rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì: Ẹ KÚ ORÍIRE.

MÀMÁ: Àmín, ẹ ṣeun.

GBÁDÉ: Mà, ta lẹ ń ṣàmín fún?

MÀMÁ: Ẹni tó kí mi ni. Àràárọ̀ ló máa ń kí mi. Àbí kí n máa wò ó níran?

GBÁDÉ: Fáírọ́ọ̀sì ni, mà. Ó ti gba ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ yín lọ́wọ́, ibi tó bá wù ú ló ń gbé yín lọ. Báwo ló ṣe ráyè wọlé?

MÀMÁ: Ó béèrè.

GBÁDÉ: Ó béèrè?

MÀMÁ: Ó béèrè, mo dáhùn. Mo ń wá orin ìyìn ọ̀fẹ́ tí màá máa gbọ́. Ẹni tó fẹ́ fún mi lórin ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ni o. Mo ní kí gbogbo wọn máa bọ̀. Ṣé kí n gba ọ̀kan wọlé, kí n fi àwọn yòókù sínú òjò ni?

GBÁDÉ: Gbogbo wọn, mà?

MÀMÁ: Èyí tún ní ṣé òun lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òmíràn ní ṣé òun lè máa mọ ibi tí mo wà. Mo ní Surulere ni mo wà, mi ò sá fún ẹnikẹ́ni. Gbádé, èèyàn kì í kanlẹ̀kùn ká má dá a lóhùn. Àbí bí mo ṣe kọ́ yín nìyẹn?

Gbádé fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó dorí kọ iṣẹ́, ó ń lé àwọn àjèjì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: olórin ọ̀fẹ́, ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, àti èyí tó ní òun á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára, tó sì jẹ́ òun gan-an ló dè é lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Bó ṣe fẹ́ lé e, àpótí kékeré kan yọjú: Ṣé ó dá ọ lójú pé o fẹ́ kí n lọ? Ọwọ́ Màmá gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó tẹ Rárá.

GBÁDÉ: Mà, kí lẹ ṣe yẹn?

MÀMÁ: Ó ń bẹ̀bẹ̀.

GBÁDÉ: Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, mà. Olè ni.

MÀMÁ: Olè tó ń kí mi lójoojúmọ́? Láti Kérésìmesì, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kì í pè mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Gbádé lákínyẹmí ara, torí òun náà ò tíì pe ìyá tiẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Ó lé olè náà, ó dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ojúewé funfun ló ṣí. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni.

MÀMÁ: Ilé wá dá báyìí.

GBÁDÉ: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀lé mi. Ẹni tí mi ò pè,

MÀMÁ: Ẹni tí mi ò pè,

GBÁDÉ: tó bá yọjú, tó ní òun fẹ́ wọlé,

MÀMÁ: tó bá yọjú, tó ní òun fẹ́ wọlé,

GBÁDÉ: Rárá ni màá tẹ̀.

MÀMÁ: Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ńkọ́?

GBÁDÉ: Rárá, mà.

MÀMÁ: Bó bá tún kanlẹ̀kùn?

GBÁDÉ: Rárá náà ni. Bó bá ń sunkún gan-an, ẹ má wò ó.

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbádé, èèyàn Ọlọ́run, rò pé ẹ̀kọ́ ló yé e. Ó bá a ṣí ìpàdé. Moyọ̀sọ́lá yọ láti Lọ́ńdọ̀nù tòun tọmọ lọ́wọ́, Àkàngbé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń juwọ́. Ni àpótí kékeré kan bá tún yọjú nísàlẹ̀: Ìyá Àkàngbé, Ògbómọ̀ṣọ́, fẹ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá? Màmá ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó kà á dáadáa, ó tẹ Rárá.

GBÁDÉ: Mà, àna yín nìyẹn.

MÀMÁ: Ṣé èmi ni mo pè é?

GBÁDÉ: Ìyá bàbá ọmọ ni, mà.

MÀMÁ: Àkọ́bí wọn, Ayọ̀miídé ni mo fẹ́ sọ ọ́. Obìnrin yìí ló kọ́kọ́ lanu, ó ní Adùnọlá. Títí dòní, Adùnọlá ni gbogbo ayé ń pe ọmọ yẹn. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Ayọ̀miídé, kì í sì í dá mi lóhùn.

GBÁDÉ: Wọ́n tún ti ń kanlẹ̀kùn, mà.

MÀMÁ: Bó bá ń sunkún gan-an ńkọ́, Gbádé?

Màmá tẹ Rárá, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gbóhùn sókè bí ìgbà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.

MÀMÁ: Máyọ̀kún. Máyọ̀kún lọmọ yìí ń jẹ́.

Wọ́n ṣàmín ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkàngbé alára tún un pè, Máyọ̀kún, ọmọ náà sì yíjú. Ìgbà yẹn ni Màmá tó tún gèlè rẹ̀ ṣe, tó wá tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú Ìyá Àkàngbé yọ, ó le koko.

MÀMÁ: Ìyá wa, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin la ti ń retí láti àárọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni ò jẹ́ kílẹ̀kùn ṣí. Gbádé, ṣàlàyé fún wọn.