Ọ̀gá Fọ́tò Ń Wá Ẹni Tó Gba Àyè Jù

Bí ẹwà bá ń pa ènìyàn ni, Ọ̀gá Fọ́tò ì bá ti kú tipẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, "Arẹwà ọkùnrin tí dígí ń bẹ̀ pé kó lọ sinmi" ni. Ó ń mumi, ó ya fọ́tò ara rẹ̀. Ó ń buwọ́ lùwé, ó yà á. Ó tilẹ̀ ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń ronú, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń rò.

Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ń gba ìkànnì àwọn oníṣòwò sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n sáfà ti kún dẹ́nu, ìkànnì kankan ò ṣí bọ̀rọ̀ mọ́.

"Ìyá Oníkéèkì ni!" Ọ̀gá ní. "Gbogbo kéèkì tó bá ti yan ló ń ya ní fọ́tò. Irú ìgbéraga wo nìyẹn?"

Ó ní kí Àǹtí Sáfà, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ṣètò ìjábọ̀ tí yóò fi àyè tí kálukú gbà hàn lára ògiri, lójú gbogbo oníbàárà. Ẹni tó bá gbà jù, ìkànnì rẹ̀ á kúrò lọ́jọ́ náà.

Àyà Ìyá Oníkéèkì já. Orí ìkànnì yẹn làwọn èèyàn ti ń ra kéèkì rẹ̀. Tó bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Ló bá jókòó, ó ń pa fọ́tò rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí gbogbo oníbàárà pé sí gbọ̀ngàn, Ọ̀gá gbọ́ pé Ìyá Oníkéèkì ti pa fọ́tò rẹ́. Inú bí i.

"Àǹtí Sáfà, ohun téèyàn bá pa rẹ́, ibo ló ń lọ?"

"Inú agbọ̀n ìdọ̀tí ni, sà. Ibẹ̀ ló máa wà títí ẹni tó ni ín á fi dà á nù. Ìjábọ̀ ò ní kà á, àfi tá a bá ní kó kà á."

"Ní kó kà á!"

"Ti gbogbo èèyàn, sà?"

"Ti gbogbo èèyàn! Ẹni tó bá sá pamọ́ sínú ìdọ̀tí, inú ìdọ̀tí la ó ti fà á yọ!"

Yéè! Ìyá Oníkéèkì ò mọ̀ pé èèyàn tún ń da ìdọ̀tí nù. Ó di ojú rẹ̀ pinpin. Ohun tó gbọ́ ni ẹ̀rín. Nígbà tó lajú, orúkọ Ọ̀gá ló wà lókè pátápátá lára ògiri: ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo sáfà. Ti Ìyá Oníkéèkì wà nísàlẹ̀, kódà oníbàárà kan tó jẹ́ oníbàtà ṣáájú rẹ̀.

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá bú jáde. "Mo kó tèmi kúrò láàárọ̀ yìí!"

"Ibo lẹ kó o sí, sà?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Inú ìdọ̀tí!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

"Kí ló dé tẹ́ ò dà á nù?" Ìyá Oníkéèkì bi í.

"Ta ló ń da irú ojú báyìí nù?"

Ẹ̀rín pa oníbàtà débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní àṣẹ Ọ̀gá ni, kí ìkànnì rẹ̀ kúrò.

"Rárá o, ẹ fojú àánú wò wọ́n," ni Ìyá Oníkéèkì wí. "Ẹ kàn bá wọn dà á nù."

Àǹtí Sáfà tẹ̀ ẹ́. Bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ, ó ń kọjá lára ògiri: Ọ̀gá ń ya irun ojú, Ọ̀gá fa ikùn wọlé, Ọ̀gá ń díbọ́n pé òun sùn, ojú kan ṣí sí kámẹ́rà.

"Ẹ dúró! Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ibẹ̀ ni mo ti dára jù!"

"Sà, ohun tẹ́ ẹ wí nípa gbogbo wọn nìyẹn."

Ìyá Oníkéèkì ò tilẹ̀ gbọ́ wọn mọ́. Ìkànnì rẹ̀ ti ṣí wàì lórí fóònù, ẹnì kan sì ti ń béèrè kéèkì ìgbéyàwó.