Ìkọ́kọrẹ́ Àná Tí Mo Gbé Dé Ọsibítù

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ni, inú sàréè nìkan ni màá sì ti gbàgbé ọjọ́ náà. Àbúrò mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ń fa oògùn jẹjẹrẹ sí i lára. Irun rẹ̀ ti re tán. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ kékeré tí mo lè bí ìyá rẹ̀, wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ oúnjẹ.

“Màmá, oògùn yìí ti gba gbogbo agbára ara wọn. Kòkòrò tó kàn máa jẹ́ kí inú tiyín kùn, ó lè gbẹ̀mí wọn. Oúnjẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, tó ṣì ń gbóná, ni kí ẹ máa gbé wá. Kì í ṣe tàná o.”

Mo ní mo ti gbọ́, olùkọ́ mi àgbà. Ìjẹ̀bú wo ni kò mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ tó sùn mọ́jú, tó tutù, tó dì, tí a wá fi ẹ̀bà gbígbóná jẹ, ló ń jí ẹni tó ń kú lọ? Mọ́rẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní ohun tó ń wu òun nìyẹn. Kòkòrò wo ló gbójú dé ìdí ìkòkò mi?

Mo rin ewùrà, mo sè é nírọ̀lẹ́, mo gbé e sórí tábìlì. Iná ò sí, fíríìjì mi sì ti pẹ́ tó ti di ibi tí mò ń kó ìró sí. Láàárọ̀, mo bù ú sínú ike, mo fi ọ̀já dè é mọ́ ikùn lábẹ́ bùbá. Ọlọ́gbọ́n ni mí, ẹ ṣáà rí i.

Nọ́ọ̀sì wò mí. “Màmá, ikùn yín ga lónìí.”

“Afẹ́fẹ́ ni.”

“Afẹ́fẹ́ yín ń jo epo, Mà.”

Mo wolẹ̀. Epo pupa ti ṣàn dé bàtà mi. Ó ní òun máa dà á nù. Èmi kẹ̀! Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, mo tún lá ìdí ike, kó lè rí i pé kò sóhun tó ṣe é. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́ ń wò mí, ó ń gbé itọ́ mì lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tiẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù!”

Kí oòrùn tó yẹ̀, inú mi ti ń ké. Mo sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ títí obìnrin tó ń fọ ibẹ̀ fi ní kí n kúkú mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ń rẹ́rìn-ín báyìí. Kó ṣáà máa kọ ọ́ lọ. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, èmi náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń kán sí mi lára. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Èmi tí mi ò mọ orí fífọ́ ni ike kan nà gbalaja báyìí. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo sì gbé e wá fún.

Nígbà tó yá, Mọ́rẹ́nikẹ́ padà lọ sílé, irun rẹ̀ ti hù. Mo pe àwọn ọmọ mi jọ: “Tó bá kan èmi, oúnjẹ gbígbóná ni kí ẹ gbé wá, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Tí mo bá ń sunkún pé tútù ni mo fẹ́, ẹ jẹ́ kí n sunkún.”

Àkọ́bí mi ní, “Màmá, ẹ máa bú wa o!”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀mí bú yín.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?