Ilé-Ìwé Tí Ohùn Rẹ̀ Kò Dé Ààfin

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìlódán, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń jà, kó ṣì di aṣọ ẹnì kejì mú, yóò padà sí i. Èmi Akínṣípẹ̀, akéde ìlú, ni mò ń ké. Ẹnu tèmi ni ẹ̀ ń wò, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ti ààfin ni.

Kábíyèsí Ọlọ́dán kí yín. Wọ́n ní ẹ kú ọ̀gbàrà.

Ilé-ìwé ìjọba méjì la ní. Ọ̀kan wà ní Òkè-Igbó, ọ̀kan wà ní Ìsàlẹ̀-Odò. Kábíyèsí fẹ́ mọ èyí tó ń kọ́ ọmọ àti èyí tó kàn ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Ó dára! Ohun tó dára ni! Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé Olóyè Balógun lọ́wọ́. Balógun wo ọ̀nà, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wo àga wọn, tìmùtìmù wà lórí rẹ̀. Ni wọ́n bá rántí pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ariwo ení, èjì, ẹ̀ta ni èrò ọ̀nà fi ń mọ̀ pé ilé-ìwé ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, etí ni wọn yóò fi wọn ilé-ìwé. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, wọ́n tẹ́tí. Etí, ẹ̀yin ará ìlú! Etí ni òṣùwọ̀n!

Èsì ti jáde. Òkè-Igbó gbégbá orókè! Ohùn wọn wọ ààfin, ó jí Olorì lójú oorun. Ìsàlẹ̀-Odò gba òdo. Òdo! Balógun kò gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìjì ti gbé òrùlé Òkè-Igbó lọ láti ọdún tó kọjá, kò sì sí ẹni tó bá wọn dá a padà. Ohùn tí kò ní òrùlé lórí, kí ni yóò dá a dúró? Ní ti Ìsàlẹ̀-Odò, àwa òbí la kan páànù síbẹ̀, a sì fi àjà sí i. Abílékọ Fálànà, tíṣà wọn, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ìwé ni wọ́n ń kà sínú.

Ẹ gbọ́ àṣẹ!

Àṣẹ kìíní. Ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ mọ́! Ọmọ tó bá ń ronú, kó máa ronú sókè. Ọmọ tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń kàwé sínú, bàbá rẹ̀ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin, yóò ka ìwé náà fún gbogbo ìlú. Bí bàbá kò bá mọ̀wé, kó ṣáà pariwo.

Àṣẹ kejì. Láàárọ̀ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, tí Balógun yóò tún tẹ́tí, kí olúkúlùkù so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì bẹ̀ ẹ́ kó má ké. Ewúrẹ́ Ìyá Ṣèyífúnmi ti gba máàkì fún Òkè-Igbó. Balógun ní nínú gbogbo kíláàsì, ìdáhùn tirẹ̀ nìkan ló yé àwọn yékéyéké. Wọn ò ní gba máàkì náà padà o, ṣùgbọ́n kó má tún ṣẹlẹ̀.

Àṣẹ kẹta. Abílékọ Fálànà ránṣẹ́ pé kí Balógun jọ̀wọ́ wá, kí wọ́n fún ọmọ kan ní ìwé, kí wọ́n sì gbọ́ bí yóò ṣe kà á. Àfojúdi! Ẹni tó bá tún pe ìjòyè wá sí ilé-ìwé, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò fi máa lé eṣinṣin lára Balógun lórí àga yẹn.

Àṣẹ kẹrin. Èyí gan-an ni mi ò fẹ́ sọ. Kí ohùn Ìsàlẹ̀-Odò lè dé ààfin, kí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò! Ṣí i kúrò! Páànù kan kò gbọ́dọ̀ kù kí Ọjọ́rú tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo béèrè nípa òjò. Wọ́n ní ọmọ tí òjò bá pa yóò túbọ̀ ké sókè, máàkì ni.

Ó dùn mí o. Ìbíwùmí ọmọ mi wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó gba ìgò òògùn lọ́wọ́ mi, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà wúyẹ́wúyẹ́, ó sì sọ fún mi pé fífi para ni ohun tí mò ń fi ṣíbí mu. Ikùn mi jẹ́rìí! Ohùn rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì gba ẹ̀mí bàbá rẹ̀ là. Òṣùwọ̀n Balógun kò gbọ́ ìyẹn.

Wọ́n ní èmi ni kí n gòkè lọ tú páànù náà, torí pé mo mọ iṣẹ́ káfíńtà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ gbọ́ o! Ìkéde kan ṣẹ́kù, kò ti ààfin wá, tèmi ni. Àkàbà kan ṣoṣo tó ga tó òrùlé ilé-ìwé nínú ìlú yìí, àkàbà mi ni. Lánàá, mo gbé e sí ìta gbangba, mo kẹ̀yìn sí i, mo sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó yíjú padà. Ó ti lọ! Mi ò mọ ẹni tó gbé e, mi ò sì wá a.

Mo ti jíṣẹ́ tán. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tó gbé àkàbà, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi Akínṣípẹ̀ ni mo ké o!