Gáùn Tí Ìyá Ọkọ Máa Kọ́kọ́ Rí

Ní ọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní Ìkẹjà bí olú, Kùdírátù tẹ́ ẹní sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agége, ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé lé ẹní, ó sì tẹ́ bébà òyìnbó, èyí tí wọ́n ya gáùn sí fún gígé, lé aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá Shuaib, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, máa bá rélùwéè dé láti òkè wá wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Shuaib, tí ó ń po ọ̀dà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ló ra aṣọ náà. Ó ní gáùn tó fún mọ́ra ni òun fẹ́ rí, kì í ṣe bùbá. Aṣọ náà kò sì ní èkejì. Bí àlùmọ́gàjí bá ṣìnà, ó parí.

Sùlíyá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń rán bùbá, kò sì rí ohun tí bébà fẹ́ kọ́ òun. Kùdírátù ṣì ń rákòrò nígbà tí wọ́n gbé Sùlíyá wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ìbàdíàrán ló ń pè é.

“Ìbàdíàrán, ìdajì ènìyàn ni wọ́n yà síbí yìí. Apá kan, èjìká kan, ààbọ̀ ọrùn. Ìdajì yòókù dà?”

“Ìyá Suara, aṣọ la máa ká sí méjì. Bí a bá gé e tán tí a tú u, ó di odindi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó wà nínú ìwé tó bá a wá.”

“Òyìnbó tó kọ ìwé, ṣé ó mọ̀ ọ́?”

“Kò mọ̀ mí.”

“Kò mọ̀ ọ́, ó wá ń gé aṣọ fún ọ láti òkè òkun. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ ọ́ dàgbà, kí n máa wòran.”

Kùdírátù ń gún pínnì mọ́ bébà. Sùlíyá mú ẹfun, ó fa ìlà kan sí ìta bébà.

“Kí lẹ fà yẹn?”

“Àyè oúnjẹ. Àbí ebi lo fẹ́ fi gba àlejò?”

Ó fa òmíràn.

“Ìyẹn ńkọ́?”

“Àyè ìjókòó.”

“Ìyá Suara, ó tó!”

Sùlíyá tún fà á. Èyí fẹ̀ ju àwọn tó ṣáájú lọ.

“Èyí kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ti ọmọ ni.”

“Ọmọ wo? Mi ò tíì délé ọkọ!”

“Bí ọmọ bá wá dé tí kò bá àyè, ṣé orí bébà ni kó jókòó sí?”

Sùlíyá ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ. Kùdírátù gé aṣọ bí ó ṣe fà á, wọ́n sì rán an. Nígbà tí ó gbé e wọ̀, ó yí padà níwájú dígí. Òun yí; gáùn kò yí.

“Ó dára,” ni Sùlíyá wí. “Atẹ́gùn ń wọlé.”

“Èmi àtẹ̀yin á jọ gbà nínú rẹ̀! Àpò gààrí ni Shuaib máa rí.” Omijé ti lé ròrò sí i lójú. “Ẹ fún un mọ́ mi lára, bó ṣe wà nínú àwòrán ìwé yẹn.”

“Bí mo bá fún un, báwo lo ṣe máa kúnlẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ ohun tójú èyí tó ṣáájú rẹ rí ni? Ó tẹ orúnkún díẹ̀ níwájú ìyá Shuaib bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, ó ní òun ti kí wọn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ìyàwó parí sí.”

“Mo gbọ́. Màá kúnlẹ̀.”

“Wo ọmọge inú àwòrán yìí. Lóòró ló wà. Níbi tó ti wá, ọwọ́ ni wọ́n ń bọ ìyá ọkọ. Aṣọ ẹni tí kì í kúnlẹ̀ lo fẹ́ wọ̀.”

“Ẹ ṣáà fún un!”

“Ó dáa. Sún mọ́ mi.”

Sùlíyá bẹ̀rẹ̀ sí í gún pínnì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

“Ó tó?”

“Ó kù díẹ̀.”

“Ó tó báyìí?”

“Ó kù díẹ̀ níbi itan.”

“Fa èémí sínú.”

“Mo ti fà á.”

“Má mí i síta mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Bí Sùlíyá ṣe ń rán ẹ̀gbẹ́ kejì ni rélùwéè fọn fèrè ní ibùdókọ̀, níbi tí Shuaib ti lọ dúró de ìyá rẹ̀. Kùdírátù rọ́ra sínú gáùn. Ó yí padà níwájú dígí. Lọ́tẹ̀ yìí, gáùn bá a yí. Sùlíyá wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

“Àṣé òyìnbó yẹn mọ̀ ọ́.”

Kùdírátù rẹ́rìn-ín.

“Ó yá, kí mi bí o ṣe máa kí wọn.”

Kùdírátù tẹ orúnkún. Ó dé ìdajì, ó dúró.

“Sọ̀kalẹ̀.”

“Ibi tí gáùn gbà mí láyè dé rèé.”

“Ibẹ̀ gan-an ni èyí tó ṣáájú rẹ dúró sí!”

“Ẹ bá mi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀!”

“Nígbà wo? Ohùn Shuaib nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà.”

Sùlíyá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká, ó tẹ̀ ẹ́. Kùdírátù di ògiri mú, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ kànga, títí orúnkún méjèèjì fi kanlẹ̀. Òwú dún kẹ́rẹ́. Kò já.

“Alámùdù! O kúnlẹ̀. Ó yá, dìde.”

Kùdírátù kò mira.

“Ìbàdíàrán, mo ní dìde.”

“Ìyá Suara, kò ṣeé ṣe.”

Ìyá Shuaib sì wọlé, Shuaib tẹ̀ lé wọn. Kùdírátù dojú bolẹ̀, ó kí wọn kú ìrìnàjò. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n tún ní kó dìde. Ó kàn tún orí tẹ̀ ba ni. Màmá wo ọmọ wọn, ojú wọn rọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé irú ọmọ báyìí ti tán láyé. Wọ́n bá dìde fúnra wọn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì láti gbé ìyàwó wọn nílẹ̀.

Òwú tún dún kẹ́rẹ́.

Sùlíyá fò sí àárín wọn.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá! Nílé tiwa, ọmọ kì í dìde títí àlejò á fi lọ.”